Ford Ló Fẹ́ Ṣe Ohun Gbogbo Fúnra Rẹ̀: Ìtàn Ọkọ̀ Model T àti Oṣù Mẹ́fà Tí Ilé Iṣẹ́ Fi Tì Pa

Bóyá inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ti ń gbọ́ wa, bóyá ẹ̀ ń dáná lọ́wọ́, bóyá ṣe lẹ̀ ń kà á lórí fóònù yín, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan tà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1927. Ní Highland Park, lẹ́bàá Detroit ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan jáde láti ilé iṣẹ́ Ford. Model T ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà, eléyìí ló sì sọ iye tí wọ́n ti ṣe di mílíọ̀nù 15 láti ọdún 1908. Henry Ford àti Edsel, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, jọ jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sì wà á jáde.

Ayẹyẹ ìdágbére ni. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dáwọ́ Model T dúró, ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ sì tì. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí àwọn oníbàárà tó fojú kan ọkọ̀ Ford tuntun. Iná kò jó ilé iṣẹ́ yẹn, ogun kò jà á, gbèsè kò sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tó tì í pa ni pé ó fẹ́ fi ọkọ̀ kan rọ́pò òmíràn.

Ẹ rò ó wò. Lónìí, àwọn tó ń ṣe fóònù ń gbé tuntun jáde lọ́dọọdún, ti àtijọ́ sì ń bá a lọ lórí àtẹ. Báwo ni ọkọ̀ tuntun kan ṣoṣo ṣe wá dá ilé iṣẹ́ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ dúró? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìpinnu kan tí Ford ṣe díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún: pé òun kò ní máa gbára lé ẹnikẹ́ni mọ́, òun lòun máa ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra òun.

Ọkọ̀ Ford tí kì í ṣe Ford ló ṣe é

Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ Ford sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1903, owó tó wà nílẹ̀ kò ju 28,000 dọ́là lọ. Owó yẹn kò lè ra àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ilé kékeré kan ni wọ́n gbà ní òpópónà Mack Avenue ní Detroit, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ kò ju kí wọ́n to páàtì pọ̀ lọ.

Ta ló wá ń ṣe ọkọ̀ gan-an? Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni, John àti Horace Dodge. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ló ni orúkọ Dodge tí ẹ máa ń rí lára ọkọ̀ dòní. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Detroit, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì dáńtọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ àgbàṣe láti ṣe 650 ṣáásíì fún Ford, tòun ti ẹ́ńjìnnì àti jíà, ní 250 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló ń ṣe bọ́dì onígi. Ẹlòmíràn ló ń ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọ̀tọ̀ sì lẹni tó ń kó rọ́bà táyà wá.

Bí ẹ bá ti dé ọgbà mẹkáníìkì rí, ẹ ó mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ẹni tó ń so wáyà, ẹni tó ń na bọ́dì kì í sì í ṣe ẹni tó ń kùn ún. Ford dà bí ọ̀gá tó jókòó síwájú, tó ń pe gbogbo wọn jọ, tó wá ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ náà.

Ètò yìí dára fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ford ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a tà á, nígbà tí àwọn tó kó páàtì fún un ṣì ń dá a lọ́jọ́. Àwọn Dodge ló forí la ewu jù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ilé iṣẹ́ Oldsmobile ni wọ́n pa tì, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tuntun nítorí ti Ford. Ní ìdápadà, wọ́n gba ìpín kan nínú mẹ́wàá ilé iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ka iye rẹ̀ sí 10,000 dọ́là. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn o, a máa padà wá síbẹ̀.

Àmọ́ ètò náà ní tirẹ̀ nínú. Lórí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, àwọn Dodge ń jẹ èrè kí Ford tó jẹ tirẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́, Ford náà pẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fowó lé e, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é.

Ìjà àwọn onípìn-ín

Ẹ lè rò pé nítorí kí ọkọ̀ lè dára ni Ford ṣe kọ́kọ́ dá ẹ́ńjìnnì ṣe. Rárá o. Ìjà ló fà á.

Alexander Malcomson, oníṣòwò èédú, ni igi lẹ́yìn ọgbà Ford nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn ò fi wọ̀ mọ́. Malcomson fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ọkọ̀ olówó ńlá fún àwọn ọlọ́rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kọjú sí. Ford ní tirẹ̀ fẹ́ ọkọ̀ kékeré tó lágbára, tí àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ lè rà.

Ní ọdún 1905, Ford àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kejì sílẹ̀, Ford Manufacturing Company. Ẹ́ńjìnnì àti páàtì fún ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní Model N ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò fi Malcomson sí i. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí ilé iṣẹ́ kejì bá ta páàtì fún ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ kejì ni èrè máa wọlé sí. Malcomson rí i pé èrè ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ní ọdún 1906, ó ta ìpín rẹ̀ ní 175,000 dọ́là, ó sì kúrò níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n da ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ohun méjì ni Ford mú jáde nínú ìjà yẹn. Ó ti ní ibi tó ti lè ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ó sì ti rí i pé ẹni tó bá di páàtì mú ló di ilé iṣẹ́ mú.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo

Oṣù Kẹwàá ọdún 1908 ni Model T jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 20. Ó fúyẹ́, ó ga kúrò nílẹ̀, ó sì lè gba ọ̀nà oko ẹlẹ́rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi irin kan tí wọ́n po vanadium mọ́ ṣe àwọn ibi tó nílò agbára jù, èyí tó jẹ́ kó le láìwúwo. Nǹkan bí 850 dọ́là ni iye rẹ̀.

Lọ́dún 1909, Ford kéde ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: láti ìgbà náà lọ, Model T nìkan lòun máa ṣe. Kò ní sí ti ọlọ́rọ̀, kò ní sí ti mẹ̀kúnnù, ṣáásíì kan náà ni fún gbogbo èèyàn.

Níbí yìí ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí ibí ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe máa yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó lè ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ lẹ máa rà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í yára, ó sì nílò oníṣẹ́ tó mọṣẹ́. Àmọ́ bó bá dá yín lójú pé kò ní yí padà láéláé, ẹ lè ní kí wọ́n rọ ẹ̀rọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀, tó sì ń ṣe é bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ford ní ẹ̀rọ kan tó ń lu ihò 45 sára irin ẹ́ńjìnnì láti apá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó yára tó o láyé. Àmọ́ bí ẹ bá sún ihò kan ṣoṣo díẹ̀ sápá kan, ẹ̀rọ náà di pàǹtí.

Ní ọdún 1910, wọ́n kó lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá tuntun ní Highland Park. Ní ọdún 1913, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí ọkọ̀ fi ń wọ́ lọ síwájú àwọn òṣìṣẹ́, dípò kí àwọn òṣìṣẹ́ máa yí ọkọ̀ po. Ṣáásíì tí wọ́n ń fi ohun tó lé ní wákàtí 12 tò pọ̀ wá di ohun tí wọ́n ń tò pọ̀ ní ìṣẹ́jú 93. Iṣẹ́ náà sú èèyàn débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń sá lọ ṣáá, ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí Ford fi kéde owó iṣẹ́ dọ́là 5 lóòjọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1914.

Iye ọkọ̀ ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó fi di ọdún 1925, Model T tó kéré jù ń lọ ní 260 dọ́là. Kò sí ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ tó lè bá a dọ́gba níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó lé ní ìdajì gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti Ford.

Ọkùnrin tó wá láti Buffalo

Ní ọdún 1911, Ford ra ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Buffalo, John R. Keim Mills, tó ń fi ẹ̀rọ tẹ irin pẹlẹbẹ di páàtì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yan iṣẹ́ lódì. Ford kò bá wọn dúnàá-dúrà. Ó ní kí wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ náà, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn wá sí Highland Park. Àwọn ògbóǹtarìgì kan bá ẹ̀rọ náà wá. Ọ̀kan nínú wọn ni William Knudsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà.

Knudsen mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ilé iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Òun ló lọ káàkiri Amẹ́ríkà, tó ń dá àwọn ibi tí wọ́n ti ń to Model T pọ̀ sílẹ̀. Ẹ rántí orúkọ náà. Bó ṣe bá ẹ̀rọ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa gbé ọgbọ́n jáde.

Àwọn Dodge rí ọjọ́ iwájú

Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, àwọn Dodge ń wò ó. Lọ́dọọdún, páàtì kan sí i ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, Highland Park ń gbà á. Oníbàárà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, oníbàárà náà sì ń kọ́ iṣẹ́ wọn. Wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n máa lé wọn. Ní ọdún 1913, wọ́n sọ fún Ford pé àwọn ń lọ, nígbà tó sì di ìparí ọdún 1914, ọkọ̀ tó ń jẹ́ Dodge ti wà lójú títì.

Síbẹ̀, ìpín wọn ṣì wà nínú Ford. Lọ́dún 1916, Ford ní òun kò ní pín èrè àrà ọ̀tọ̀ fáwọn onípìn-ín mọ́. Ó fẹ́ fi owó náà kọ́ ilé iṣẹ́ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí yóò máa yọ́ irin fúnra rẹ̀. Àwọn Dodge pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún 1919, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Michigan dájọ́ pé kó san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 19 dọ́là fún àwọn onípìn-ín, àmọ́ kò ní kó má kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Inú bí Ford. Ó halẹ̀ pé òun máa dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, òun á máa ṣe ọkọ̀ tó dínwó ju Model T lọ. Ẹ̀rù ba àwọn onípìn-ín, wọ́n gbà láti tà. Ó ná an ní nǹkan bí mílíọ̀nù 106 dọ́là láti ra gbogbo ìpín tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀. Ìpín àwọn Dodge, tí wọ́n kà sí 10,000 dọ́là lọ́dún 1903, di mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bi Ford pé kí ló ń ṣe. Kò sí onípáàtì tó lè dá a dúró, kò sì sí onípìn-ín tó lè bá a jiyàn.

Láti inú ilẹ̀ dé ojú títì

Etí odò Rouge, ní Dearborn, ni ilé iṣẹ́ tuntun náà wà. Ní ọdún 1920, wọ́n tanná sí iléru àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń já òkúta irin sílẹ̀ ní apá kan, wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n ń rọ ọ́. Ilé iṣẹ́ dígí wà níbẹ̀, ibùdó iná mànàmáná wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tiwọn sì ń kó ẹrù kiri inú ọgbà. Ford ra ibi ìwakùsà èédú ní Kentucky àti West Virginia. Ó ra igbó igi ní àríwá Michigan. Ó tún ra ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan.

Ó wá ku rọ́bà. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń dín iye tó ń jáde kù kó lè wọ́n. Lọ́dún 1927 kan náà tá à ń sọ yìí, Ford gba ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 2.5 éékà létí odò Tapajós, nínú igbó Amazon ní Brazil. Wọ́n pè é ní Fordlândia. Wọ́n gbin igi rọ́bà súnmọ́ ara wọn bí àgbàdo, àrùn ewé wọ inú wọn, ó sì ń ràn láti igi dé igi. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dìde ìjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1930, wọ́n ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Lọ́dún 1945, wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún ìjọba Brazil pẹ̀lú àdánù tó lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là. Henry Ford fúnra rẹ̀ kò débẹ̀ rí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó mọ irin rọ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ igi gbìn.

Ìlù yí padà

Ní gbogbo àkókò yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí Model T? Mi ò ní parọ́, kì í ṣe pé wọn ò fọwọ́ kàn án rárá. Wọ́n fi iná bátìrì sí i, wọ́n fi ohun tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí sí i, wọ́n sì tún bọ́dì rẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 20 kò kúrò níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí jíà kò yàtọ̀. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni wọ́n ń kùn ún.

Ọ̀kan lára àwọn tó bá Ford ṣiṣẹ́ sọ ìtàn kan lẹ́yìn náà. Ó ní ní ọdún 1912, nígbà tí Ford dé láti Yúróòpù, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe Model T tuntun kan dè é, pupa tó ń dán, wọ́n rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ford yí ọkọ̀ náà po, ọwọ́ wà nínú àpò, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló fa ilẹ̀kùn rẹ̀ ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fọ́ ọ. Gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Níta, ayé ń yí. Ẹni tó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1915 fẹ́ ra èkejì lọ́dún 1925, kò sì fẹ́ irú ti àtijọ́. Ẹni tí kò lówó lè ra tòkunbọ̀ tó dára ju Model T tuntun lọ. Ní ilé iṣẹ́ General Motors, Alfred Sloan ti to ọkọ̀ bí àtẹ̀gùn, látorí Chevrolet tó wà fún mẹ̀kúnnù títí dé Cadillac tó wà fún ọlọ́rọ̀. Láti ọdún 1919, wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn lówó láti fi ra ọkọ̀, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tuntun tó ń yára gbẹ sì dé, àwọ̀ oríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ta ló wá ń darí Chevrolet? William Knudsen, ọkùnrin Buffalo! Ó ti kúrò lọ́dọ̀ Ford lọ́dún 1921, nítorí gbogbo àṣẹ tó bá pa ni ọ̀gá ń yí padà. Bí ìlù bá yí padà, ó yẹ kí ijó náà yí padà. Knudsen gbọ́ ìlù yẹn.

Nínú ilé Ford, àwọn kan náà gbọ́ ọ. Edsel ni ààrẹ ilé iṣẹ́ lórí ìwé, ó sì fẹ́ ọkọ̀ tuntun, àmọ́ bàbá ló ń pàṣẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1926, Ernest Kanzler, tí òun àti Edsel jẹ́ àna, kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́fà sí Henry Ford. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi kọ ọ́, ó ní Model T nìkan kò lè gbé wọn dé iwájú. Kò pẹ́ tí Kanzler fi pàdánù ipò rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó wò ó láti òkèèrè ni wọ́n lé.

Oṣù mẹ́fà

Ní ọdún 1927, kò ṣeé sá fún mọ́. Ford gbà. Ìgbà yẹn ni ohun tó ti kọ́ jọ fún 20 ọdún wá dojú kọ ọ́.

Ká ní ó ṣì ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ó lè sọ fún onítọ̀hún pé kó ṣe irú mìíràn, tàbí kó wá ẹlòmíràn lọ. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni onítọ̀hún. Gbogbo ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo wọ̀nyẹn, Model T ni wọ́n mọ̀. Ọkọ̀ tuntun náà, tí wọ́n pè ní Model A, ní páàtì tó lé ní 5,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tuntun. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ, kí wọ́n tún òmíràn rọ, kí wọ́n da òmíràn nù. Lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n tún ń kó iṣẹ́ títo ọkọ̀ kúrò ní Highland Park lọ sí Rouge. Èyí tó wá burú jù ni pé nígbà tí wọ́n dáwọ́ Model T dúró, wọn ò tíì yàwòrán ọkọ̀ tuntun náà tán.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá òṣìṣẹ́ ló jókòó sílé láìgbowó, ìyà sì jẹ Detroit. Àwọn tó ń bá Ford ta ọkọ̀ kò rí nǹkan tà. Lọ́dún yẹn, Chevrolet ta ju Ford lọ. Iye tí àwọn òpìtàn sábà máa ń dá lé ìyípadà náà tó mílíọ̀nù 250 dọ́là.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, Model A jáde. Ó ní bírékì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dígí iwájú tí kì í fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti àwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn èèyàn ya bò ó láti wò ó. Ọkọ̀ gidi ni, nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ni wọ́n ṣe kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ìjókòó àgbà tí Ford nìkan jókòó lé tẹ́lẹ̀ ti bọ́. Nígbà tí Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà jáde fún ọdún 1929, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni Knudsen fi yí ilé iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ tó lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ ló kó jọ. Kò yára tó ti Ford, àmọ́ ó ṣeé yí.

Kí la wá rí mú lọ?

Ó rọrùn láti sọ pé ṣíṣe nǹkan fúnra ẹni ni kò dára. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. General Motors tí à ń yìn yìí náà ra Fisher Body, tó ń ṣe bọ́dì fún wọn, pátápátá ní ọdún 1926. Bí Ford kò bá sì ti dá ẹ́ńjìnnì ṣe, Model T kò lè di 260 dọ́là láéláé.

Ìpinnu méjì ló so pọ̀ mọ́ra, tí Ford fi ṣe ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni: ṣé kí n ṣe é fúnra mi, àbí kí n rà á? Èkejì ni: ṣé ohun tí mò ń ṣe yìí máa yí padà? Gbogbo ohun tó bá gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti máa ṣe, ṣe ló ń mú kó túbọ̀ ṣòro fún un láti yí padà. Iléru, igbó, ẹ̀rọ tó ń lu ihò 45, gbogbo wọn ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan Model T. Ohun tó já a gbà lọ́wọ́ àwọn Dodge ló wá so ó mọ́lẹ̀.

Nílé wa níbí, a rí ọ̀nà mìíràn. Ẹ bi àwọn bàbá yín àgbà léèrè nípa bólẹ́kájà. Láti òkè òkun ni ṣáásíì àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń wá, káfíńtà ìlú wa ló sì ń fi pákó kan bọ́dì rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ kó gba kòkó sí i, tàbí kó gba èrò sí i, káfíńtà á yọ pákó, á fi òmíràn sí i. A kì í ṣe ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sì ní ìyà tirẹ̀ tí a ṣì ń jẹ dòní, nígbàkigbà tí dọ́là bá gbówó lórí. Àmọ́ apá tó ń bá àìní àwọn èèyàn yí, ọwọ́ wa ló wà.

Torí náà, ìwọ tó ń rán aṣọ, tó ń ṣe bàtà, tó ń ṣe búrẹ́dì, tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá kó o lè já ara rẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹ kulẹ̀: mo gbọ́ ẹ, ó sì lè jẹ́ pé òun ló tọ́. Kó o tó sanwó, bi ara rẹ ní ìbéèrè kejì yẹn. Bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣé ẹ̀rọ yìí á lè bá mi ṣe é?

Kó o sì tún wo àárín àwọn tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ pupa kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ti ṣe dè ẹ́. Má fọ́ ọ.

Ibi tá a máa dé lónìí nìyí. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ sì pàdé wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.